Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń fìdí rẹmi: ṣé àwọn igbákejì kóòṣì ló yẹ ká pààrọ̀? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta léra, "Ẹ lé kóòṣì!" ni igbe tó máa ń kọ́kọ́ ta láti orí ìjókòó pápá ìṣeré Adamasingba ní Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ alákòóso tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀gá kóòṣì, bóyá nítorí owó, bóyá nítorí pé àwọn gan-an ló mú un wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: igbákejì, ẹni tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé, ẹni tó ń bójú tó okun ara. Àwọn wọ̀nyí ló rọrùn láti lé. Owó oṣù wọn kò tó ti ọ̀gá, àwọn alátìlẹ́yìn kì í sábà mọ orúkọ wọn, bí wọ́n bá sì lọ, ìlú á rò pé wọ́n ti ṣe nǹkan sí i.

Ní Ìbàdàn, ẹnu kì í dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ Shooting Stars tó gba ife Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1976, tó tún gba ife CAF (àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà) ní 1992, kò lè sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara mọ́ ipò kẹtàdínlógún. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì àgbà wa, ìdíje 38 ni wọ́n ń gbá, ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ló sì ń já sí ìsàlẹ̀. Kò sí àyè púpọ̀ fún àṣìṣe. Ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú ẹgbẹ́ tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí, wọn ò sì dọ́gba rárá.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Èkíní, tó tún ju gbogbo yòókù lọ: ibo ni góòlù ń gbà wọlé? Ẹ mú ìdíje mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan, kí ẹ kọ góòlù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbá wọlé yín sílẹ̀: ìṣẹ́jú tó wọlé, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ (kọ́nà, fíríkíìkì, bọ́ọ̀lù àjùwọlé, pẹnárítì, kírọ́ọ̀sì láti ẹ̀gbẹ́, tàbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín láàárín pápá), ẹni tó yẹ kó mú ẹni tó gbá a, àti ibi tí aṣọ́lé dúró sí. Bí fídíò bá wà, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má wo bọ́ọ̀lù mọ́, ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni kí ẹ máa wò. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé nígbà tí kọ́nà ń bọ̀, mẹ́rin nínú wọn ti kọ ẹ̀yìn sí òpó tó jìnnà, ẹni tí kò sẹ́ni tó mú sì ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín wọn sọ́nà. Bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó wá láti inú bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀, ìyẹn kọ́nà àti fíríkíìkì, iṣẹ́ igbákejì tó ń bójú tó ẹ̀yìn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Fún aṣọ́lé, ẹ ya bọ́ọ̀lù tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè mú, kí ẹ sì ka iye kírọ́ọ̀sì tó yẹ kó jáde lọ gbá tó sì dúró sórí ìlà. Bí aṣọ́lé méjì bá ń ṣe àṣìṣe kan náà nínú sáà kan, olùkọ́ wọn ni kí ẹ bi. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré, agbábọ́ọ̀lù ni ìṣòro yín, lílé olùkọ́ kò ní yí ọwọ́ rẹ̀ padà.

Góòlù tó ń wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75 ló máa ń kó bá ẹni tó ń bójú tó okun ara. Gbogbo èèyàn á nawọ́ sí i. Ẹ ní sùúrù ná. Òfin ti gba pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún báyìí, ọ̀gá kóòṣì ló sì ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ìgbà tó máa wọlé. Ẹ kọ ìṣẹ́jú pààrọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ góòlù kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 80 ni ọ̀gá ń ṣe pààrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ ẹni tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún kọ bí wọ́n ṣe rìnrìn àjò. Ẹgbẹ́ tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Maiduguri tàbí Gombe, tó sì dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, ẹni yòówù kó máa fọn fèrè fún wọn láàárọ̀. Ibi tí ẹni okun ara ti ń jẹ̀bi gan-an ni ìpalára tó ń padà wá: bí agbábọ́ọ̀lù kan bá tún fara pa ní iṣan ẹ̀yìn itan kan náà láàárín oṣù méjì, wọ́n ti dá a padà sórí pápá kó tó yá. Ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Nígbà mìíràn, dókítà ti ní rárá, ẹni okun ara ti ní rárá, ọ̀gá ló ní kó wọlé.

Kí ẹ tó pa ìwé náà dé, ẹ kọ ohun kan tí fídíò kò lè fi hàn: oṣù mélòó ni ẹgbẹ́ jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí onílé ń wá kiri nítorí owó ilé kò ní gbọ́ ohun tí igbákejì tuntun ń wí nípa kọ́nà.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ìdíje mẹ́wàá kéré, ó lè tan ni jẹ. Bas ter Weel, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ṣe ìwádìí lórí líìgì àgbà ilẹ̀ Netherlands láti 1986 sí 2004. Ó fi àwọn ẹgbẹ́ tó lé kóòṣì nígbà tí nǹkan burú wé àwọn tí nǹkan burú fún bákan náà ṣùgbọ́n tí wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì gbérí padà, àwọn tó lé kóòṣì kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára ju àwọn tó fi í sílẹ̀ lọ. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, a jẹ́ pé ti igbákejì gba ìfura jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni owó. Ẹ má ka owó oṣù ẹni tuntun nìkan. Ká ní igbákejì kan ń gba ₦400,000 lóṣù, oṣù mẹ́jọ sì kù nínú àdéhùn rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní ₦3,200,000. Bí ẹni tuntun bá gba iye kan náà fún oṣù mẹ́jọ yẹn, ipò kan ṣoṣo ti di ₦6,400,000. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ lé, ₦19,200,000 ni, ẹ ò sì tíì ra agbábọ́ọ̀lù kankan. Àwọn kan rò pé àìborí nìkan tó ìdí láti já àdéhùn láìsanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin FIFA fún àwọn kóòṣì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, kan igbákejì náà. Ẹni tí wọ́n bá lé láìnídìí tó bófin mu lè gba ohun tó kù nínú àdéhùn rẹ̀, wọ́n á kàn yọ ohun tó bá rí gbà níbi iṣẹ́ tuntun kúrò nínú rẹ̀. Ẹjọ́ kóòṣì tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè lè dé ọ̀dọ̀ FIFA tààrà.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Bí igbákejì tuntun bá rí ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fún un ní wákàtí mẹ́rin péré. Nínú ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bá bọ́ sí Ọjọ́rú, kódà kò ní rí ogún ìṣẹ́jú náà.

Ẹ̀kẹrin: ta ló ni igbákejì? Oríṣi méjì ni wọ́n, èyí tí ọ̀gá kó wá àti èyí tí ẹgbẹ́ fún un. Bí ẹ bá lé èyí tí ọ̀gá kó wá láìbá a sọ, ẹ ti lé ọ̀gá tán, ó kù kó jáde ni. Èyí tí ẹgbẹ́ fún un ló sábà máa ń mọ àwọn ọmọ dé ilé. Ẹgbẹ́ tó wà ní Ìbàdàn lè ní ọmọ Kano, ọmọ Enugu àti ọmọ Mọ́kọ́lá lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà ìsinmi, igbákejì yìí ló máa fà wọ́n sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á sọ ọ́ fún ẹni yìí ní pidgin, fún tọ̀hún ní Hausa, tí á tún bá ẹni tí ọ̀gá bú pẹ̀tù. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ẹ ti mọ ẹni tó máa ṣe ìyẹn?

Ẹ̀karùn-ún kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo ìwé àṣẹ CAF ẹni tí ẹ fẹ́ gbà (D, C, B, A títí dé Pro), kí ẹ rí i pé ó bá ohun tí líìgì béèrè mu kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀nà kìíní: ẹ má lé ẹnikẹ́ni, ẹ tún iṣẹ́ pín

Èyí ló dínwó jù, òun ni wọ́n sì máa ń fò jù, nítorí kò ní ariwo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, iṣẹ́ kò lórúkọ: gbogbo igbákejì ló ń ṣe gbogbo nǹkan. Kọ́nà dé, ẹnì kan ké láti bẹ́ǹṣì pé "Ẹ mú èèyàn yín!", èkejì ké pé "Ẹ dúró sáyè yín!" Ọmọ tó wà níwájú òpó dúró sáàárín méjèèjì, bọ́ọ̀lù sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ fi orúkọ kan sí ẹ̀yìn àti bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀, orúkọ kan sí iwájú, orúkọ kan sí wíwo alátakò tó ń bọ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́, kí ẹnì kan nínú wọn kúrò ní bẹ́ǹṣì lọ jókòó sókè láàárín èrò. Láti ibẹ̀ ló ti máa rí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn àti àárín, èyí tí ẹni tó dúró létí pápá kò lè rí. Kó sọ̀kalẹ̀ wá sọ ohun méjì péré nígbà ìsinmi. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ọ̀gá tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, tàbí igbákejì tó ń wojú ọ̀gá kó tó la ẹnu. Ẹ fún un ní ìdíje márùn-ún. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣì ń gba ojú ibi kan náà wọlé, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì: ẹ pààrọ̀ ẹnì kan péré

Bí ìwé yín bá tọ́ka sí ibi kan pàtó, èyí ni èmi á mú. Nicolas Jover kúrò ní Manchester City lọ sí Arsenal ní 2021 fún bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀ nìkan, láàárín sáà díẹ̀, kọ́nà Arsenal ti di ohun tí gbogbo líìgì ń bẹ̀rù. Mikel Arteta, ọ̀gá kóòṣì wọn, kò kúrò nípò rẹ̀. Iṣẹ́ kan ni wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sí.

Ọ̀nà tó máa ń gbà bàjẹ́ ni pé ẹni tuntun á fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó ti ń mú èèyàn sí èèyàn nídìí kọ́nà látọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa ṣọ́ àyè láti ọjọ́ Mọ́ńdè, á jẹ góòlù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí ó kọ́kọ́ tún ibi méjì ṣe: òpó tó sún mọ́ ẹni tó ń gbá kọ́nà, àti ẹni tó máa dúró níwájú aṣọ́lé kí wọ́n má baà dí i lọ́nà. Èyí tó kù lè dúró de ìsinmi àárín sáà. Kí ẹni tó ń lọ tó gba ọ̀nà jáde, ẹ gba àkọsílẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ìpalára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní tíréènì lọ́sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, àti àwòrán bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá lé èèyàn lórí fóònù lálẹ́ kò ní rí ọ̀kankan gbà nínú wọn.

Kí ọ̀gá kóòṣì fọwọ́ sí ẹni tó ń bọ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó sàn kí ipò náà ṣófo.

Ọ̀nà kẹta: ẹ fi ẹnì kan kún wọn

Ẹni tó ń tú fídíò wò ni mo ní lọ́kàn. Kámẹ́rà kan tó wà lókè, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, iná tí kò ní kú lójú iṣẹ́, owó oṣù ẹnì kan. Kò sí ìtanràn, kò sí ìjà. Ó bá ẹgbẹ́ tí kò mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà mu. Kó má gé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, torí fídíò ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun ló ń mú wá.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ lé gbogbo igbákejì, ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀

Èyí ni àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ràn jù, òun náà sì ni owó rẹ̀ ń ṣòfò jù. Manchester United ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 2024. Wọ́n parí sáà sí ipò kẹjọ, wọ́n fi kún àdéhùn Erik ten Hag, wọ́n wá tún àwọn tó yí i ká tò. Steve McClaren àti Benni McCarthy lọ, Ruud van Nistelrooy àti René Hake dé. Ìsinmi sáà ni wọ́n ṣe é, owó wà, ọ̀gá náà sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ẹgbẹ́ náà ti wà ní ipò kẹrìnlá pẹ̀lú àmì 11 nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n sì lé Ten Hag. Wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ìpinnu kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Igbákejì kì í yan ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù, kì í sì í pinnu bóyá ẹgbẹ́ á dúró sẹ́yìn tàbí kó jáde lọ bá alátakò. Bí ohun tí ọ̀gá fẹ́ kò bá bá àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, ẹni mẹ́ta tuntun á kàn ran ohun kan náà lọ́wọ́ ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pàápàá tó bá jẹ́ orí ẹlòmíràn lẹ bẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kì í ṣe ọmọdé: wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ló ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ falẹ̀ dè é.

Ipò kan ṣoṣo ló bá a mu: ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló béèrè, ìsinmi sáà ni, àdéhùn àwọn tó ń lọ sì ti fẹ́ parí. Manchester City ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025, lẹ́yìn sáà tí wọ́n parí sí ipò kẹta láìgba ife ńlá kankan. Pep Guardiola dúró, àwọn bíi Juanma Lillo lọ, Pep Lijnders àti Kolo Touré wọlé. Ọ̀gá tó ti gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹfà pẹ̀lú City ló ń tún ilé ara rẹ̀ tò níbẹ̀ yẹn. Ẹ má fi wé ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kejìdínlógún ní oṣù Kejì.

Ọ̀nà karùn-ún: ẹ lé ọ̀gá, kí igbákejì di ipò rẹ̀ mú

Bí ìwé yín bá fi hàn pé ìṣòro wà níbi gbogbo, ẹ̀yìn, àárín, pààrọ̀, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ò sì gbọ́rọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu mọ́, igbákejì tí ẹ fẹ́ lé yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tí ẹ nílò. Ó mọ orúkọ àti ìpalára gbogbo wọn, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Van Nistelrooy gba United lẹ́yìn Ten Hag fún ìdíje mẹ́rin, ó borí nínú mẹ́ta, ó gbá ọ̀mì nínú ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pa yín bí ọtí. Leicester gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì já kúrò ní Premier League kí sáà tó parí. Nílé wa níbí, Finidi George ṣe igbákejì fún José Peseiro nínú Super Eagles títí dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 2024. Wọ́n gbé e gun orí ipò ọ̀gá ní òpin oṣù Kẹrin, ó gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, ó fìdí rẹmi 2-1 lọ́wọ́ Benin, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ní òdìkejì, Jo Bonfrere tó ṣe igbákejì Clemens Westerhof gba góòlù Òlíńpíìkì fún wa ní 1996. Igbákejì tó dára lè jẹ́ ọ̀gá tó dára, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé fìdíhẹ ni, ẹ kọ iye ìdíje, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ó lè padà sí ipò rẹ̀ láìsí ìtìjú. Bí ẹ ò bá kọ ìyẹn, ọ̀gá àti igbákejì lẹ máa pàdánù papọ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ tó jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kó lo ọ̀nà kìíní, kó sì fi owó tí ìbá fi lé èèyàn san gbèsè.

Ẹgbẹ́ tí ìdíje tó kù fún un kò ju mẹ́jọ lọ, tó sì wà létí ọ̀fìn, kò ní àyè fún ọ̀nà kejì mọ́. Yálà kìíní tàbí karùn-ún. Bí àwọn ọmọ bá ṣì ń sáré fún ọ̀gá, kìíní. Bí wọn ò bá sáré fún un mọ́, karùn-ún, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ kejì ìdíje, kì í ṣe lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹgbẹ́ tó wà láàárín tábìlì, tí góòlù rẹ̀ ń gba ojú ibi kan wọlé, tó sì ní ìdíje mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú: ọ̀nà kejì, láìrojọ́. Aṣọ́lé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí olùkọ́ aṣọ́lé ló ń bá èèyàn tó kéré jù ṣiṣẹ́, òun sì ni ìyípadà rẹ̀ máa ń tètè hàn jù.

Ẹgbẹ́ aládàáni kékeré tó ń gun líìgì bọ̀, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kóòṣì rẹ̀ sì ṣì ń kọ́ iṣẹ́, kó mú ọ̀nà kẹta kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Daniel Ogunmodede àti Remo Stars ti Ikenne gba líìgì ní sáà 2024/2025 fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ tó sì ti já sí ìsàlẹ̀ rí ni wọ́n. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà fún kóòṣì láyè ọdún mélòó kan.

Ọ̀nà kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá fúnra rẹ̀ kọ ìwé béèrè fún un, tó sì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ló kọ ìwé náà, ẹ dá a padà fún wọn.